Àlàáfíà Kí Ilé Tó Gbẹ



A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún yín pé Kristẹni tòótọ́ kì í sunkún nítorí ẹrù. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ẹni tí omi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni omi gbé lọ yẹn. Kí ó sunkún.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ ìwé sí àwọn ará Fílípì, kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò dá òun sílẹ̀ tàbí wọn yóò pa òun. Síbẹ̀ ayọ̀ ni ó ń sọ ṣáá nínú ìwé náà. Ní orí kẹrin, ó ní kí wọ́n kó àníyàn wọn tọ Ọlọ́run lọ, àlàáfíà Rẹ̀ yóò sì ṣọ́ ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó kọ́kọ́ yanjú kí ó tó dé ibẹ̀: aáwọ̀ àárín obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè, tí àwọn méjèèjì ti bá a ṣiṣẹ́ ìyìn rere. Kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ó bẹ ìkínní, ó bẹ ìkejì, ó sì ní kí ẹnìkan nínú ìjọ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Aáwọ̀ wà láàárín tiwa náà. Ayálégbé ń bínú sí onílé nítorí owó ilé tí ó ti san sílẹ̀. Àwọn kan ń nàka sí àwọn tí ó ń da ilẹ̀ sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́: nígbà tí Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù August 1980, ìdọ̀tí tí ó dí odò wà lára ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ilé ẹni tí ó da ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń gbálẹ̀. (Àwọn ìyá tí ó ń dáná fún gbogbo wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ọ̀rọ̀ ẹran bú wọn.)

Nígbà tí ìyàn mú láyé Kíláúdíù, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí ó wà ní Áńtíókù dá ohun jọ, kálukú bí agbára rẹ̀ ti mọ, wọ́n sì fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sí àwọn ará ní Jùdíà. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, a kì í béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí kí a tó kọ orúkọ ìdílé sílẹ̀. Ilé tí ó ní ọmọ ọwọ́, aláboyún, arúgbó tàbí aláìsàn ni a ń kọ́kọ́ fún. Bí ẹ bá rí i pé a fo ilé kan, ẹ wá sọ fún wa ní gbangba.

Ní Sátidé, a ó jọ fọ kànga. Kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ẹnìkan wá, pẹ̀lú korobá. Títí di ìgbà náà, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè é. Àwọn tí oorun kò kùn mọ́ bí òjò bá ti ṣú, àti àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ta jí lóru, ẹ wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé yìí. A ó jókòó tì yín.