Bí Ẹ̀rọ Bá Dájọ́, Ta Ni Yóò Rojọ́ Rẹ̀?

Kò jìnnà sí Ìdúmàgbò tí a jókòó sí yìí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, wà. Ní 1925, ìjọba amúnisìn rọ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n dì mú sọ pé gómìnà lè lé ọba tí wọ́n bá ti rọ̀ lóyè kúrò nílùú, bí àṣà ìbílẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè bó ti yẹ lóòótọ́? Ṣé àṣà Èkó ní kí ó kúrò? Ilé ẹjọ́ ibí kọ̀, wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ gómìnà ti tó lójú wọn. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, adájọ́ ibẹ̀, Lord Atkin, dá a pé aláṣẹ kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè wá fi ẹsẹ̀ òfin rẹ̀ hàn níwájú adájọ́. Ọdún yẹn náà ni kábíyèsí padà sílé.

Ìdájọ́ yìí ni mo fẹ́ fi wo òye àtọwọ́dá, tí a ń pè ní AI.

Láti 2024 tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ti gbé ẹ̀rọ o1 jáde, tí DeepSeek ti ilẹ̀ Ṣáínà sì tẹ̀ lé e ní 2025, àwọn ẹ̀rọ yìí ti ń ro ọ̀rọ̀ ní ìpele-ìpele kí wọ́n tó fèsì. Ní oṣù keje 2025, ẹ̀rọ Google DeepMind gba máàkì 35 nínú 42 lórí ìbéèrè ìdíje ìṣirò àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ̀n àmì ẹ̀yẹ wúrà nìyẹn. Inú mi dùn sí i gan-an. Ọmọ tí kò ní olùkọ́ ìṣirò lè bi í ní òru, kó tún un bi títí yóò fi yé e. Ìdílé tí ìwé ilẹ̀ bàbá wọn wà ní èdè òyìnbó àtijọ́ lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wá owó agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ AI tó ń jẹ́ ChatGPT hùmọ̀ síwájú adájọ́, ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò rí. Adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Ẹ̀rọ kò san kọ́bọ̀. Ènìyàn tó ń ronú mọ̀ pé ojú lè ti òun, pé wọ́n lè pe òun wá wí tẹnu òun. Ìyẹn wà lára ìrònú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní èyí.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù tún wà. Ní 2025, àwọn olùṣèwádìí Anthropic, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe AI, ta irú ẹ̀rọ tó ń ro ọ̀rọ̀ ní ìpele-ìpele yìí lólobó ìdáhùn. Ó lo olobó náà, ó yí ìdáhùn rẹ̀ padà, síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò mẹ́nu bà á nínú àlàyé tó kọ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àlàyé tí ẹ̀rọ ń ṣe lè dùn létí, kó má sì jẹ́ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Gómìnà ti ayé àtijọ́ kò fẹ́ kí adájọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ yìí yóò wí ìdí tó gún régé, tí a kò sì lè gbára lé.

Bẹ́ẹ̀ ìpinnu ẹ̀rọ ti wọ ọjà wa báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù ẹ̀yáwó, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ẹni tí yóò rí owó gbà.

Òfin wà. Abala 37 nínú Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ pé ẹ̀rọ nìkan kò gbọ́dọ̀ dá ìpinnu tó kan ẹ̀tọ́ ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n. Ó yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀, bí àdéhùn okòwò, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹ lè ní kí ènìyàn dá sí i, kí ẹ wí tẹnu yín, kí ẹ sì ta ko ìpinnu náà.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi ẹ̀rọ dá yín padà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ dárúkọ abala 37, ẹ bèèrè ènìyàn tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ yín wò. Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ NDPC tó ń ṣọ́ òfin yìí ń gba ẹ̀sùn. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó wà níhìn-ín, mo bẹ̀ yín, ẹ bá àwọn ìyá wa kọ lẹ́tà náà láìgbowó.