Họ́ọ̀sì Kékeré Tó Ń Ba Ẹ́ńjìnnì Ńlá Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ mẹkáníìkì bá àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wọn

 

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń jẹ owó àtúnṣe ọkọ̀ wa. Mo lè sọ ti táyà, mo lè sọ ti bíréèkì, ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, ọ̀rẹ́ mi kan gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá. Owó tí ó yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ni ó fi rà á. Họ́ọ̀sì tó ń gba èéfín láti orí ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn ti la. Mo gé họ́ọ̀sì rédíétọ̀ kan tó wà nílẹ̀, mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo ní mo bá a dín owó kù. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó padà dé. Họ́ọ̀sì náà ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ pọ̀. Ọ́ìlì ti já síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó ń kán sára kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, kò pa owó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ àtisan owó ẹgbẹ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣe é, owó ara mi ni mo sì fi tún un ṣe.

Kí ló fà á? Nígbà tí iná bá jó lórí písítìnnì, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríngì wọ ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì wà. Ó ń ru bẹntiróò tí kò jó tán, omi àti àsíìdì. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀, yóò sì máa ti síìlì títí yóò fi já. Láyé àtijọ́, páìpù kan ni wọ́n fi ń da èéfín yìí sí ojú títì. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1961 tí wọ́n tà ní California ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń fi fáàfù àti họ́ọ̀sì dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jó, nítorí ó ń ba atẹ́gùn ìlú jẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni họ́ọ̀sì yìí ń bá jà: ooru, ọ́ìlì àti fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fà á. Rọ́bà tó borí ọ̀kan lè má borí èkejì.

Rọ́bà EPDM, èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe họ́ọ̀sì rédíétọ̀, gba ooru àti omi gbígbóná, ṣùgbọ́n ọ̀tá ọ́ìlì ni. Rọ́bà NBR gba ọ́ìlì àti bẹntiróò, ṣùgbọ́n bí ooru bá ń kọjá 100°C lemọ́lemọ́, yóò le, yóò sì la. Sílíkóònù, èyí aláwọ̀ búlúù tàbí pupa tó ń dán lọ́jà, gba ooru dé nǹkan bí 200°C, ṣùgbọ́n ọ́ìlì àti bẹntiróò máa ń wọ̀ ọ́ lára, àyàfi bí wọ́n bá fi fluorosilicone tẹ́ inú rẹ̀. Rọ́bà FKM gba ooru, ó sì gba ọ́ìlì. Ó wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sínú, tí wọ́n á fi rọ́bà mìíràn bo ẹ̀yìn.

Báwo ni kí a ṣe rà á? Èkíní, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn họ́ọ̀sì. SAE 30R7 wà fún bẹntiróò àti èéfín yìí. 30R9, tó ní FKM nínú, ni kí ẹ lò níbi tí ooru bá ti pọ̀ jù. Èyí tí kò ní àmì kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Èkejì, kí ihò rẹ̀ bá ẹnu páìpù mu. Ẹ má fi kílíìpù fún èyí tó tóbi jù pa. Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bí yóò ṣe tẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ó bá pẹlẹbẹ, ẹ́ńjìnnì yóò fà á pọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ó jìnnà sí páìpù sálẹ́ńsà.

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀ jù, tàbí tí ó le tí ó ń la, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń súfèé, tí kò dúró sójú kan nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, ẹ wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dí ẹnu páìpù náà pa, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́. Họ́ọ̀sì tó dára wọ́n fún ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ra odindi ká kan, kí a máa gé e fún ara wa ní iye tí a rà á. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.