Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù Yín, Ọwọ́ Ta Ni Ó Wà?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sọ ní Ṣáṣá, ní Àlímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín ni.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń tajà a máa kiri, a sì máa polówó. Ohùn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń mọ̀ pé ó ti dé. Nígbà tí ó yá, a kọ́ ṣọ́ọ̀bù, a gbé pátákó kọ́ sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀wé kà á, ẹni tí kò mọ̀wé béèrè. Ní òkè òkun, nígbà tí tẹlifóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àwọn tí ó ní in sínú ìwé. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1878 jẹ́ ojú-ewé kan péré, orúkọ 50 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí nọ́ńbà níbẹ̀! Ẹ ó dárúkọ ẹni tí ẹ ń wá fún òṣìṣẹ́ tẹlifóònù, òun ni yóò so yín pọ̀ mọ́ ọn.

Ní tiwa níhìn-ín, ilé tí ó ní tẹlifóònù kò pọ̀ rárá kí fóònù alágbèéká tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Lónìí, ẹni tí ń sun bọ̀ọ̀lì ní fóònù. Inú fóònù yìí náà ni ìwé orúkọ ńlá wà nísinsìnyí. Google ni ó ni èyí tí àwọn ènìyàn ń lò jù. Máàpù rẹ̀ jáde ní ọdún 2005; ní ọdún 2017 wọ́n gbé fọ́tò àwọn títì Èkó sí i. Ẹni tí ó ń wá aránṣọ kò béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò mọ́. Ta ni yóò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ nìkan. A kò lè mọ ara wa tán. Ẹni náà yóò tẹ "aránṣọ ní Ṣáṣá" sínú fóònù, orúkọ bíi mẹ́ta yóò yọ, yóò pe ọ̀kan. Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì yìí. Ó ti gbà kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ má wò kiri o. Aránṣọ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ránṣọ ní Ṣáṣá, aṣọ ilé-ìwé ni ó sì mọ̀ ọ́n rán jù. Nígbà tí a wà nípò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, òun ni ó ń rán aṣọ àwọn ọmọ wa. Ọmọ yóò wọ aṣọ náà títí tí aṣọ yóò fi kéré fún un, ojú rírán kò ní tú.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwa àti rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ rí bi wá pé ta ni òun lè gbé aṣọ àwọn ọmọ òun fún. A dárúkọ ìyá yìí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa ní wákàtí náà, a sì ní, "Ẹ tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn sínú Google, yóò yọ." Lóòótọ́, ó yọ. Ọ̀gá pe nọ́ńbà tí ó rí níbẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní àwọn ni, ó ní kí wọ́n san owó ìṣáájú. Aṣọ igba ọmọ ni. Nígbà tí a tún pàdé, ọ̀gá náà kò kí wa dáadáa. Ó ní aṣọ tí ẹni wa rán fún òun, ìfọ̀ kan ni ó tú. Ó yà wá lẹ́nu. A sáré tọ ìyá lọ. Ìyá kò rí aṣọ kankan, kò rí owó kankan, kò sì gbọ́ ọ rí pé iṣẹ́ kan wà.

Báwo ni ó ti jẹ́? Ọmọkùnrin kan ni ó bá a gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí orí máàpù ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá sanwó fún un. Ìyá kò ní ímeèlì, ọmọ yìí bá lo ímeèlì tirẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pe òun, òun yóò júwe ìyá fún un. Bóyá ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, a kò mọ̀. Nígbà tí ó yá, ó rí i pé ìpè ń mú owó wá, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ń ránṣọ. Ẹ ti gbọ́ ìyókù.

Ohun tí ó dùn wá jù nìyí. Ìyá ti mọ̀wé kà nígbà náà. Ó lè ka nọ́ńbà, ó lè ka orúkọ ara rẹ̀, ó tilẹ̀ ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò wo ojú-ewé yẹn rí. Ó rò pé nǹkan inú fóònù, nǹkan àwọn ọmọdé ni. Àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́, àwa náà kò wò ó rí, àwa sì ni a júwe rẹ̀. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. A ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin àgbà ẹ ó rántí àwọn akọ̀wé-lẹ́tà tí wọ́n máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá yóò sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá yóò sanwó. Bí akọ̀wé bá kọ ohun mìíràn ńkọ́? Ìyá kò ní mọ̀. Lára ohun tí a torí rẹ̀ dá kíláàsì àgbà sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó, akọ̀wé-lẹ́tà ni ọmọkùnrin yìí náà. Ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Ó dára. Kí ni kí á ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wá ara yín. Ẹ ṣí máàpù, ẹ tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín. Bí ó bá yọ, ẹ fi ìka tẹ̀ lé e bí a ti ń ṣe nínú ìwé kíkà: orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà, aago tí ẹ ń ṣí àti aago tí ẹ ń tì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn, ẹ pè é. Bí fóònù tí ó wà nínú àpò yín kò bá dún, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ tún wá a pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ àdúgbò wa. Àwọn kan ń kọ Shasha, àwọn kan Sasha, àwọn mìíràn Sasa. Ṣáṣá mìíràn sì wà ní Ìbàdàn, tí ọjà ńlá wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà yẹn ní oṣù kejì ọdún 2021, ẹbí wa kan pè wá láti ìlú òkèèrè, ó ń sunkún, ó rò pé ọ̀dọ̀ wa ni. Bí ènìyàn bá lè ṣi Ṣáṣá mú, oníbàárà náà lè ṣì í mú. Nítorí náà, ẹ yan ọ̀nà ìkọ̀wé kan, kí ó jẹ́ èyí tí ó wà lára pátákó yín. Kí ó rí bákan náà lórí máàpù, lórí WhatsApp, lórí Facebook, àti lára ìwé rìsíìtì. Ẹ fi orúkọ títì kún un, ẹ fi Èkó kún un. Ẹ rí i pé àmì tí ó wà lórí máàpù bọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín gan-an. Bí ó bá bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, ọlọ́kadà yóò gbé oníbàárà yín lọ sí ilé onílé.

Ẹ má sì kọ ìyangàn mọ́ orúkọ. Bí pátákó yín bá sọ pé "Ìyá Ìbejì Aránṣọ," ẹ má kọ "Ìyá Ìbejì Aránṣọ Tó Dára Jù Tó Pọ́ọ́kú Jù Ní Èkó." Òfin Google kò fẹ́ ẹ, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ gbé orúkọ náà kúrò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ibi tí a ti ń tọ́jú orúkọ yìí, Google Business Profile ni wọ́n ń pè é láti ọdún 2021. Google My Business ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè bá àwọn tí ó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ pàdé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ: ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé Google ni òun, kí ẹ sanwó kí orúkọ yín má baà parẹ́, olè ni. Ẹ pa fóònù. Bí ẹ bá ní kí ọmọ yín tàbí ọmọ aládùúgbò bá yín ṣe é, kò burú, ẹ fún un ní owó ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ímeèlì tiyín ni kí ó lò, nọ́ńbà tiyín ni kí ó kọ, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì níbẹ̀: Owner àti Manager. Owner ni onílé. Manager ni ẹni tí a fún láyè kí ó máa bá onílé gbálẹ̀. Kò lè lé onílé jáde. Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ́ Owner.

Kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀yin ni, wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò. Ẹ ya títì, ẹ ya pátákó, ẹ ya ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ sì fi hàn pé ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn. Nígbà mìíràn wọ́n á fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Nọ́ńbà yẹn, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni létí, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìbáà ṣe àlùfáà.

Bí orúkọ yín bá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀nà wà. A máa ń béèrè fún un lọ́dọ̀ Google, wọn á sì kọ̀wé sí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Bí kò bá fèsì láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n lè fún onílé láyè kí ó fi ẹ̀rí hàn. Bí ìyá wa ti gba tirẹ̀ padà nìyẹn. Ọmọkùnrin náà kò fèsì.

Àwọn mìíràn ń bi wá pé, "Tíṣà, báwo ni orúkọ mi yóò ṣe kọ́kọ́ yọ?" Google fúnra rẹ̀ sọ ohun mẹ́ta tí ó ń wò: bóyá iṣẹ́ yín bá ohun tí wọ́n ń wá mu, bí ẹ ti súnmọ́ ẹni tí ń wá yín sí, àti bí òkìkí yín ti tó. Ẹni tí ó wà ní Ìkòtún, aránṣọ Ìkòtún ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ rí. Kò sí oògùn rẹ̀. Google kò sì gba owó láti gbé orúkọ ẹnikẹ́ni ga lórí máàpù. Àyè ìpolówó tí wọ́n ń tà wà lọ́tọ̀, àmì sì máa ń wà lára rẹ̀.

Ní ti òkìkí, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà wà lára rẹ̀, àwọn tí ń fi ìràwọ̀ sí i. Ẹ bẹ ẹni tí ẹ ránṣọ fún kí ó kọ ohun tí ó rí. Ẹ má rà á. Wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ ìyìn èké káàkiri. Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é ní ọdún 2024, Google náà sì ń pa á rẹ́. Bí ẹnìkan bá bú yín, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Gbogbo ayé ni yóò kà á.

Líǹkì náà wà lára òkìkí. Líǹkì ni ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ tí ń gbé wa láti ojú-ewé kan lọ sí òmíràn. Larry Page àti Sergey Brin, àwọn tí wọ́n dá Google sílẹ̀ ní ọdún 1998, ronú bí ìyálọ́jà ti ń ronú: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń nawọ́ sí ìsọ̀ kan, tí àwọn tí ń nawọ́ sì jẹ́ ẹni tí a mọ̀, ìsọ̀ náà ní láárí. Líǹkì ni ìnawọ́ náà. Bí ẹgbẹ́ aránṣọ bá ní ojú-ewé, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín síbẹ̀ pẹ̀lú líǹkì. Ilé-ìwé tí ẹ ń ránṣọ fún náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ta ọgọ́rùn-ún líǹkì ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún wọn. Ẹ̀tàn ni Google kà á sí.

Ẹnikẹ́ni lè dámọ̀ràn pé kí wọ́n yí nọ́ńbà yín padà, tàbí kí ó sọ pé ẹ ti kógbá wọlé. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un kà.

Ìyá wa ń ka tirẹ̀ báyìí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ó tó ṣí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì gbé iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ó ti gbà kí ó rán aṣọ kan wá fún òun wò.

Ní Ọjọ́rú tí ń bọ̀, ẹ mú fóònù yín wá. Ẹ da ọ̀rọ̀ tí ó wà lára pátákó yín kọ sínú ìwé, bí ó ti rí gan-an, ẹ mú un dání. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá ní iná, kí ó mú ṣájà wá. A ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀.