Ẹ̀kọ́ Ojú Ọpọ́n Ayò: Ogun Ìwéré-Ilé

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ojú ọpọ́n ayò kì í ṣe ibi eré lásán. Ilé 12 ni ó wà níbẹ̀, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta a máa kó ọmọ jọ sí ilé kan títí yóò fi di odù. Bí ó bá tu odù náà lásìkò, yóò jẹ rẹpẹtẹ. Bí ó bá tú u láìtó àkókò, alátakò rẹ̀ ni ó ń bọ́. Síbẹ̀, òfin wà: bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, ọ̀ta gbọ́dọ̀ fún un ní ọmọ tí yóò ta, bí ó bá ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Ìwéré-Ilé ní Òkè-Ògùn. Ní nǹkan bí ọdún 1796, Aláàfin Awólẹ̀ ń bẹ̀rù agbára Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé Ìwéré ni ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó. Èèwọ̀ ni kí Aláàfin gbógun tì í. Ìlú olódi ni pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni Kakaǹfò tí a bá rán lógun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta tàbí kí ó kú. Ibẹ̀ ni Awólẹ̀ rán Àfọ̀njá lọ, kí ó má baà rí ọ̀nà àbáyọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kọ̀ láti jà. Wọ́n yí padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n dó tì í, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Àrokò náà yé Awólẹ̀: ó gégùn-ún, ó sì gbé májèlé jẹ.

Níhìn-ín ni ayò àti ogun ti yàtọ̀. Ọmọ ayò kì í kọ ọwọ́ tí ń ta á. Ọmọ ogun a máa kọ̀. Awólẹ̀ ka àwọn balógun mọ́ ọrọ̀ ilé rẹ̀, kò rántí pé ìbúra àti èèwọ̀ ni ó so wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tí ó tàpá sí èèwọ̀ náà, odù rẹ̀ tú sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àfọ̀njá pàápàá kò fi ti Awólẹ̀ kọ́gbọ́n: ó kó àwọn jàmáà jọ ní Ìlọrin, àwọn ni wọ́n sì pa á ní nǹkan bí ọdún 1824.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ta ayò tán, ẹ má bi wọ́n ní iye ọmọ tí wọ́n jẹ nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹnìkejì láti ta?