Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé àti ẹni tó gba títì lè pàdé nídìí igbá ata kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀kan. Eré kan wà tó dúró lórí òtítọ́ yìí. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àti lórí àwọn tó ti ṣe é: ohun tó dùn mọ́ wọn, ohun tó bí wọn nínú, àti ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Orúkọ eré náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni 80 Days, èyíinì ni Ọgọ́rin Ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ orírun rẹ̀. Ní 1873, Jules Verne, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé ìtàn kan jáde. Ó sọ nípa ọlọ́rọ̀ kan ní London, Phileas Fogg, ẹni tí ètò rẹ̀ kì í yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Fogg bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ 20,000 pọ́n-ùn pé òun lè yí gbogbo ayé ká ní 80 ọjọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù October 1872 ni ìtàn náà ní ó gbéra. Ẹni tó gbé báàgì tẹ̀ lé e ni Passepartout, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ohun tó mú Passepartout wá síbẹ̀ ni pé ó ń wá ọ̀gá tó jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan, kí òun lè rí ìsinmi. Ẹ wo ẹni tó ń wá ìsinmi tó wá kó sínú ìrìn àjò yí-ayé-ká!

Lóòótọ́, tẹ́tẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè nígbà náà. Ní 1869 ni wọ́n ṣí ojú omi Suez tí wọ́n gbẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú irin la Amẹ́ríkà já. Nígbà tó sì yá, obìnrin akọ̀ròyìn kan ní New York, Nellie Bly, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán an wò. Ó gbéra ní oṣù November 1889, ó sì padà délé ní oṣù January 1890, lẹ́yìn 72 ọjọ́.

Ìtàn ìwé yìí ni ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ di eré. Inkle ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà, Jon Ingold àti Joseph Humfrey ló dá a sílẹ̀ ní 2011. Meg Jayanth ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ eré náà. Ó jáde fún fóònù ní oṣù July 2014, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà ní 2015.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Kíkà ni ìdí rẹ̀. Ìwọ ni Passepartout. Ìtàn á sọ díẹ̀ fún ọ, á wá dúró, á bi ọ́ pé kí ni o fẹ́ ṣe. Ṣé o fẹ́ dáhùn, àbí o fẹ́ dákẹ́? Ṣé o fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ lóru yìí, àbí o fẹ́ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kí ọ̀gá rẹ sinmi? Èyí tí o bá fọwọ́ tẹ̀ ni ìtàn á bá lọ. O gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ owó, kí o máa ṣọ́ ẹrù, kí o máa ṣọ́ ìlera ọ̀gá. O lè ra ọjà ní ìlú kan kí o lọ tà á ní ìlú mìíràn ní iye tó gbówó lórí. Bí owó bá tán, ilé ìfowópamọ́ wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ á máa lọ bí o ti ń dúró dè é. Aago kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìlú tó wà nínú rẹ̀ ju 140 lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì kọ sínú rẹ̀ tó ìdajì mílíọ̀nù. Bí ènìyàn bá yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan, ìdá kékeré péré ló rí nínú rẹ̀. Ìyókù wà ní àwọn ọ̀nà tí kò gbà.

Ayé tí eré náà wà kì í ṣe ayé 1872 gan-an. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń bi ara wọn pé, ká ní ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń tì ti ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè rò, báwo ni ayé ìgbà yẹn ì bá ti rí? Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní steampunk. K. W. Jeter, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1987. Nínú eré yìí, ọkọ̀ ń fò lókè, àwọn ère onírin ń rìn bí ènìyàn, ọ̀nà kan sì wà tó gba orí yìnyín ní Òpin Àríwá ayé kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti àwọn tó ṣe é. Tayọ̀tayọ̀ ni ọ̀pọ̀ fi gbà á. Ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà fi ṣe eré tó dára jù lọ ní 2014. Ní 2015 ó gba ẹ̀bùn ìtàn tó dára jù ní ìdíje àwọn tó ń ṣe eré lómìnira. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kọ́ ló jẹ mí lógún, bí kò ṣe bí eré kan náà ti ń fi ìwà oríṣiríṣi ènìyàn hàn.

Irú àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń sáré. Ọgọ́rin ọjọ́ ni wọ́n wí, ọgọ́rin ọjọ́ náà ni wọ́n ń kà. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, àfi bó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yá sí. Ó dé London kí ọjọ́ tó pé, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé kí lo rí, ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn. Ó yí ayé ká, kò rí ayé.

Irú kejì ni àwọn tó gbàgbé tẹ́tẹ́. Wọ́n dé ìlú kan, ọ̀rọ̀ ìlú náà wọ̀ wọ́n lára, wọ́n dúró láti mọ bó ṣe máa parí. Nígbà tí wọ́n fi máa jí, ọgọ́rin ọjọ́ ti kọjá. Eré náà kò lé wọn kúrò. Ó jẹ́ kí wọ́n máa bá ìrìn wọn lọ títí wọ́n á fi délé. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn yìí ló ń wí pé ìrìn tí àwọn ti pàdánù owó ni ó dùn jù.

Irú kẹta ni àwọn tí inú ń bí. Ẹ̀sùn tiwọn ni pé eré náà ń fi nǹkan pamọ́. Ìtàn kan á bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ á gúnlẹ̀, ẹni tó ń sọ ìtàn á bọ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Wọn kò ní rí i mọ́ àfi bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ láti London. Bí ènìyàn bá sì ti fọwọ́ tẹ ìpinnu, kò sí pé ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Èmi gbà pé ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kì í dùn kí a fi ọbẹ̀ hàn án kí a tún gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò rí? Ẹni tí ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn, tó ń sọ bí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù, ta ni yóò sọ ìyókù fún ọ?

Irú kẹrin ló dùn mọ́ mi jù, àwọn tó ń bá ara wọn jiyàn. Ká ní Àdùkẹ́ àti Àlàbí jọ ṣe é. Àdùkẹ́ gba Paris lọ sí Istanbul. Àlàbí gba ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan á ní Fogg jẹ́ ènìyàn líle tí kò mọ oore, èkejì á ní rárá o, ó láàánú. Irọ́ kọ́ ni ẹnì kankan ń pa. Ìwà tí Passepartout hù sí ọ̀gá rẹ̀ ni ọ̀gá náà ń dá padà fún un. Bí a bá pa àlọ́ tán nílé wa, tí a bi àwọn ọmọ pé nínú àwọn mẹ́ta tó gba ọmọbìnrin náà là, ta ló yẹ kó fẹ́ ẹ, ẹ mọ bí ariwo ṣe máa ń sọ. Irú ariwo yẹn ni eré yìí ń dá sílẹ̀, àríyànjiyàn tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ọ̀ràn kan ṣì wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú ìwé ti 1873, àwọn èèyàn Éṣíà àti àwọn ẹ̀yà tí àwọn arìnrìn-àjò bá pàdé dà bí àwòrán lára ògiri. Òyìnbó ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Meg Jayanth kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣàlàyé ní gbangba pé nígbà tí òǹkọ̀wé bá ti dá ayé kan láti inú ọkàn ara rẹ̀, kò lè tún wí pé ìtàn ló fipá mú òun láti fi àwọn kan sí abẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá ti lè dá ọkọ̀ tó ń fò, ó lè dá ayé tí obìnrin ti jẹ́ ẹlẹ́rọ àti ọ̀gákọ̀. Nínú eré rẹ̀, àwọn Zulu lágbára ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Òyìnbó kò fi lè pín Áfíríkà bí wọ́n ti fẹ́. Ará ìlú kọ̀ọ̀kan ní ohun tirẹ̀ tó ń lé. Òmíràn á ran Passepartout lọ́wọ́, òmíràn á kọ̀ fún un, nítorí kò jókòó sílẹ̀ títí kí ẹni tó ń kọjá lọ tó dé.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe irọ́ la ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni pé ní ọjọ́ 22 oṣù January 1879 àwọn Zulu ṣẹ́gun ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana. Ní oṣù July ọdún yẹn kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́ wọn ní Ulundi. Èkó tiwa ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, kí Fogg inú ìwé tó di ẹrù rẹ̀ rárá. Ní 1884 sí 1885 ni wọ́n jókòó ní Berlin, tí wọ́n fi ọwọ́ sí òfin bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà, a kò sì rí ọba wa kankan níbẹ̀.

Ẹni tí kò mọ nǹkan wọ̀nyí, eré náà lè ṣì í lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ni eré náà ń bi ní ìbéèrè tó lágbára. Ó ń bi í pé, ṣé dandan ni kó rí bó ṣe rí? Àwọn tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn, ṣé wọ́n ní ọ̀nà mìíràn níwájú wọn tí wọn kò gbà? Ọmọ ilé ìwé tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò ní ka ìtàn bí ẹni ń ka orúkọ àwọn òkú. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní òtítọ́ ìtàn ná, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi àròsọ ṣeré.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, kò dìgbà tí ẹ bá ní fóònù. Bébà àti pẹ́ńsù tó. Ẹ kọ ìtàn kúkúrú kan, kí ẹ dá a dúró níbi oríta, kí ẹ kọ ọ̀nà méjì. Kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tún ya sí méjì. Ẹ ó rí i pé ìṣirò wọ̀ ọ́. Bí ìtàn bá ya lẹ́ẹ̀mẹta, òpin mẹ́jọ ni. Bó bá ya lẹ́ẹ̀mẹwàá, òpin 1,024 ni, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè kọ ìyẹn tán. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe irú eré yìí máa ń lò ni pé wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọ̀nà tó ya tún pàdé níwájú, bí odò tó yí àpáta ká tó tún di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìtàn á rántí ẹ̀gbẹ́ tí o gbà. Bí o bá jí búrẹ́dì ní ojú ìwé kejì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bi ọ́ léèrè ní ojú ìwé kẹsàn-án.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ṣe eré Ọgọ́rin Ọjọ́, tí inú ń bí tàbí tí inú wọn dùn, ohun kan náà ni gbogbo wọn bá pàdé: ibi tí wọ́n ti yan ọ̀nà kan, wọ́n fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Nínú eré, a lè padà sí London kí a tún gbéra. Láyé tiwa, a kì í ní ju ìrìn kan lọ. Kí oníkálukú rọra wo oríta rẹ̀ dáadáa kó tó gbé ẹsẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn.