Bátìrì Ni Ó Gbé Ọkọ̀ Òfurufú Dé Kánò

Ìtàn ẹ́ńjìnnì ni mo gbé wá lónìí. Kí ìyá kankan má tìtorí bẹ́ẹ̀ yí rédíò sí ibòmíràn, nítorí ìtàn yìí ní ogun nínú, ó ní akọni tí wọ́n ń fi orúkọ obìnrin pè nínú, ó sì kan ọ̀kadà tí ó gbé yín lọ sí ọjà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1925, nígbà tí etí ẹnikẹ́ni ní ìlú wa Ìdógò níhìn-ín kò tíì gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé ọdún 1930 ni ojú irin tí ó yà ní Ìfọ̀, tí ó gba Ìlaròó kọjá, tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ti àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbéra láti Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n gba Khartoum, tí wọ́n gba Fort Lamy tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, bà sí ìlú Kánò. Àwọn ni ìtàn ń kà sí ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tí ó dé ilẹ̀ Nàìjíríà. DH.9A ni orúkọ wọn. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi kan ìyẹ́ wọn, ènìyàn méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, orí awakọ̀ sì wà ní gbangba fún oòrùn àti iyanrìn. Ẹ bá mi wo ẹyẹ onígi tí ń bú ramúramù, arìn-lójú-sánmà-má-tẹlẹ̀, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ààrin àwọn tí kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀!

Ọ̀gá wọn ni Arthur Coningham. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Australia ni wọ́n bí i sí, New Zealand ni ó ti dàgbà; nítorí pé ilẹ̀ àwọn Maori ni ó ti wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ogun ń pè é ní Maori. Ó ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì, ó lọ́, ó lọ́, títí tí ó fi di Mary. Mary! Orúkọ tí a fi ń wẹ ọmọbìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń pe ológun tí ó ti já ọkọ̀ ọ̀tá lulẹ̀, kò bínú, kò fajú ro. Nígbà ogun Hitler ó di ọ̀gá àwọn ológun òfurufú ní aṣálẹ̀ àríwá Áfíríkà, Mary ni ó ṣì ń jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, ó wọ ọkọ̀ òfurufú èrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Star Tiger, tí ó ń lọ sí Bermuda. Ọkọ̀ náà pòórá lórí òkun pẹ̀lú ènìyàn 31 tí ó wà nínú rẹ̀, títí di òní olónìí a kò rí àfọ́kù rẹ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà ni ó ní magínẹ́tò méjì-méjì. N kò wí pé magínẹ́tò ni ó pa á o! Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn ẹ́ńjìnnì tí ó gbé e dé Kánò ní 1925 kò ní magínẹ́tò kankan. Bátìrì ni wọ́n ń lò. Mo tún un sọ: ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tí ó dé ilẹ̀ wa, bátìrì ni ó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Kí ni magínẹ́tò? Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ àti epo a pò mọ́ra, písítìnì a fún wọn pọ̀, iná kékeré a sì ta lẹ́nu pílọ́ọ̀gì kí wọn tó gbaná. Ta ni ń rán iná náà wá? Magínẹ́tò ni onílé tí ó gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀: òòfà wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí òòfà yìí, bí ó sì ti ń yí ni ó ń pọn iná tirẹ̀, kò bẹ bátìrì, kò bẹ jẹnẹrétọ̀. Bí gbogbo wáyà ọkọ̀ bá jóná, bí bátìrì bá kú kú kú, ẹ́ńjìnnì a ṣì máa lọ. Nítorí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, méjì ni wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan, pílọ́ọ̀gì méjì sì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń ní. Bí magínẹ́tò kan bá dákẹ́ lójú òfurufú, èkejì a gbé awakọ̀ délé.

Àwọn ará Jámánì ni wọ́n mọ magínẹ́tò ṣe jù, pàápàá ilé iṣẹ́ Robert Bosch ní Stuttgart. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ó dára, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti ṣe tiwọn, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ Jámánì. Ogun dé ní 1914. Ta ni Gẹ̀ẹ́sì ń bá jà? Jámánì! Ẹni tí ó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta: àwọn tí ń ṣe àkóso ayé láti London wá ń wá ohun tí yóò ta iná sínú ẹ́ńjìnnì wọn kiri, kí wọn tó fi tipátipá kọ́ iṣẹ́ náà. Bí mo bá rántí èyí, n kì í lè ṣàì ronú nípa àwa tí epo wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, tí a sì fi ọdún gbọọrọ ra bẹntiróòlù láti òkè òkun.

Ní 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun náà. Wọ́n kó ọkùnrin méjì, Jesse Vincent àti Elbert Hall, sí ilé ìtura Willard ní Washington, wọ́n ní kí wọn ya àwòrán ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yóò lè kàn. Láàrin bí ọjọ́ márùn-ún, wọ́n parí rẹ̀. Liberty ni wọ́n sọ ọ́: sílíńdà 12, agbára ẹṣin 400. Àmọ́ ìlà sílíńdà rẹ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí iná rẹ̀ kì í fi ta ní àlàfo tí ó dọ́gba, èyí sì ṣòro fún magínẹ́tò, tí ó fẹ́ràn kí ohun gbogbo wà létòlétò. Ni wọ́n bá ké sí Delco, ilé iṣẹ́ Charles Kettering ní Dayton, ìlú àwọn Wright tí wọ́n kọ́kọ́ fò. Kettering yìí ni ó fi bátìrì àti mọ́tò kékeré gba àwọn awakọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ irin tí a fi ń wé ẹ́ńjìnnì, irin tí ó ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Bátìrì ni Delco fi sí Liberty, pẹ̀lú kọ́ìlì, kọntáàtì àti jẹnẹrétọ̀ kan. Bátìrì a fún un ní iná tí yóò fi jí, nígbà tí eré ẹ́ńjìnnì bá sì ti pọ̀ tó, jẹnẹrétọ̀ a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bátìrì.

Liberty yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà, tí wọ́n kì bọ inú DH.9A. Ẹ wá fojú inú wo Mary àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí aṣálẹ̀ Sudan, láìsí ilé, láìsí odò, tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ wáyà àti bátìrì. Síbẹ̀, wọ́n dé Kánò, wọ́n sì padà dé Íjíbítì ní oṣù kan náà. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nìyẹn, nítorí bí ẹ bá gbọ́ àríyànjiyàn àwọn oní-ọkọ̀-òfurufú kékeré lónìí lórí bátìrì àti magínẹ́tò, ẹ ó rò pé láti ìgbà tí Ògún Lákáayé ti ń rọ irin, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì lójú sánmà rí.

Nítorí pé magínẹ́tò ni ó borí lẹ́yìn náà. Ẹ́ńjìnnì Lycoming tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, irú èyí tí wọ́n fi sí Air Beetle tí wọ́n tò ní Kàdúná láti inú RV-6A ti Amẹ́ríkà, magínẹ́tò méjì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí ọ̀kadà ayé àtijọ́ ń lo kọntáàtì, ṣé ẹ rántí bí mẹkáníìkì ṣe ń fi sáńdípépà ha á, tí yóò fẹ́ ẹ, tí yóò tún há a? Kọntáàtì wà nínú magínẹ́tò náà, ó ń jẹ, wákàtí 500 ni wọ́n sì sábà máa ń fi í lò kí wọn tó tú u wò. CDI, ẹ̀rọ tí ń ta iná láìlo kọntáàtì, dé sínú ọ̀kadà, mẹkáníìkì gbàgbé sáńdípépà. Kí ni ó wá dé tí ọkọ̀ òfurufú fi pẹ́ lẹ́yìn ọ̀kadà tó bẹ́ẹ̀? Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda ni ó pọ̀ jù, nítorí ohun tí ìjọba kò bá fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ọkọ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ń ta iná láìlo kọntáàtì wò.

Iṣẹ́ náà kò le lójú: wọn a tú magínẹ́tò kan, wọn a ti ẹ̀rọ ìgbàlódé bọ ojú ihò kan náà, wọn a sì fa wáyà rẹ̀ sí bátìrì. Magínẹ́tò kò mọ̀ ju ibì kan lọ. Bí wọ́n bá há a pé kí iná ta ní dígírì 25 kí písítìnì tó dé òkè, ibẹ̀ náà ni yóò máa ta á, bí ọkọ̀ ń gòkè o, bí ó ń rìn jẹ́jẹ́ o. Ẹ̀rọ tuntun ń wo eré ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ tí ó ń mu, ó sì ń sún àkókò iná ṣíwájú bí ó ti yẹ. Ẹ́ńjìnnì a tètè jí, epo a sì pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ọkọ̀ tí ó ga lókè.

Bátìrì tó bá kú lókè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń fi magínẹ́tò kejì sílẹ̀ sí ipò rẹ̀, bí a bá sì bi mí, èyí ni mo fara mọ́. Àwọn kan yọ méjèèjì, wọ́n sì ń gbé bátìrì kejì dání. Irú kan tún wà tí ó ní òòfà tirẹ̀ nínú, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré tó, ó ń bọ́ ara rẹ̀; kí awakọ̀ tó gbéra, yóò já iná bátìrì rẹ̀ wò lórí ilẹ̀, yóò dẹ etí sí i, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń lọ, yóò dá iná padà, yóò sì máa lọ.