Ta Ló Ń Ra Òtútù? Blues Ìgbà Ọ̀gìnnìtìn Láti Ṣikágò Dé Ìkẹjà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí ó wáyé ní GRA, Ìkẹjà

Orin blues ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tó dá lórí ìgbà òtútù ni mo mú, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan ará Ìkẹjà nínú ọ̀rọ̀ yìnyín. Ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kò kọjá títì Ọba Akran ní Ìkẹjà níbí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Bí olórin bá ti dárúkọ òtútù, ọ̀rọ̀ owó ló ń bọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ibi tí yóò sá sí àti ẹni tí kò ní. Bí ọ̀nà orin bá sì ṣe yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń di ẹ̀bi òtútù náà rù ṣe ń yàtọ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí di 1970, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú ló kó kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú ńlá bíi Ṣikágò, Detroit àti New York. Wọ́n ń sá fún òfin ìyàsọ́tọ̀ àti àwọn tó ń so ènìyàn rọ̀ sórí igi láìṣẹjọ́. Wọ́n sì gbọ́ pé owó ń bẹ ní ilé iṣẹ́ òkè ọ̀hún, níhà àríwá. Inú oòrùn ni wọ́n bí wọn sí. Ṣikágò tí wọ́n forí lé wà létí adágún Michigan, afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi náà bọ̀ nígbà òtútù sì burú débi pé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà sọ ọ́ lórúkọ: Àṣá ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1985, òtútù Ṣikágò lọ sí 33 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Fírísà tí ẹ fi ń mú ẹja dì nílé kì í sábà kọjá 18 nísàlẹ̀ òdo.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kó lọ ni Muddy Waters, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ McKinley Morganfield. Mississippi ni wọ́n ti bí i ní 1913. Oko Stovall ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Alan Lomax wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1941 fún ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1943, ó wọ rélùwéè lọ sí Ṣikágò. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bébà, ó wa ọkọ̀ ẹrù, ó sì ń lu gìtá lálẹ́. Ariwo àwọn ọ̀mùtí nílé ọtí kò jẹ́ kí gìtá onígi rẹ̀ dún létí ẹnikẹ́ni, ló bá gba gìtá oníná. Ohùn Ṣikágò tí gbogbo ayé wá mọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo nǹkan tó ṣe lẹ́yìn ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo Folk Singer, tó jáde ní 1964, ó gbé gìtá oníná sílẹ̀, ó padà sí onígi, Buddy Guy ń gbè é lẹ́sẹ̀, Willie Dixon sì wà nídìí báàsì. Nínú àwo yẹn ni Cold Weather Blues wà. Ó ta okùn kan, ó dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, gìtá dá a lóhùn. Àlàfo tó wà láàárín ìró kan sí èkejì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń gbọ́ bí yàrá tí wọ́n jókòó sí ṣe ṣófo. Ohun tó sọ kò ju pé òtútù òkè ọ̀hún ti pọ̀ jù, òun ń padà sí gúúsù títí ìgbà náà yóò fi kọjá.

Yorùbá á ní àjò kì í dùn kónílé má rèlé. Ṣùgbọ́n ilé tí ọkùnrin yìí ń pè ni ilé tó lé e. Mississippi tó fẹ́ lọ yáná ni Mississippi tí wọ́n ti ń so irú rẹ̀ rọ̀. Ó mọ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ náà mọ̀. Nítorí náà ni kò fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú orin náà, kò bú lánlọ́ọ̀dù, kò bú ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ojú ọjọ́ nìkan ló bá wí, nítorí ojú ọjọ́ kò lè gbẹ̀san. Mo ti gbọ́ orin náà láìmọye ìgbà, n kò sì rò pé blues kankan wà tó sọ̀rọ̀ òtútù tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fò dé ìwọ̀-oòrùn. Charles Brown, ọmọ Texas tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́místírì, lọ fìdí kalẹ̀ sí Los Angeles, ibi tí yìnyín kì í sábà bọ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Johnny Moore's Three Blazers nígbà tí wọ́n gbé Merry Christmas Baby jáde ní 1947. Blues ni, ṣùgbọ́n blues tó wọ súùtù. Piano ló gbé e, jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ ń rọ̀ jọ̀jọ̀, ọkùnrin tó ń kọrin náà kò sì ráhùn rárá, wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni. Ìgbà òtútù rẹ̀ wà lórí kàlẹ́ńdà, kò sí lára. Ní 1960 ó tún ṣe Please Come Home for Christmas, níbi tí ó ti ń bẹ olólùfẹ́ kó padà wálé, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ ló jinlẹ̀ jù. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó rí ilé gbígbóná àti ẹni tí yóò fẹnu kò ó lẹ́nu kò ní òtútù kankan láti kọrin nípa rẹ̀.

Ti Albert Collins ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọmọ Texas lòun náà, ilẹ̀ ooru, síbẹ̀ orúkọ òtútù ló kó lé púpọ̀ nínú orin rẹ̀: The Freeze ní 1958, Frosty ní 1962, títí dé àwo Ice Pickin' ní 1978. Wọ́n ń pè é ní Iceman. Frosty kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu rárá, gìtá ló ń sọ gbogbo rẹ̀. Collins máa ń fi irin dè é lọ́rùn lókè pátápátá kí ìró rẹ̀ lè ga, ó sì máa ń fi ìka lásán ja okùn, débi pé ohùn náà mú, ó ń gún etí. Níbí, òtútù ti kúrò lọ́rọ̀ ìyà, ó ti di ìlérí. Ọkùnrin náà ń sọ fún onígìtá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé: ẹ dé ibi tí mo wà kí ẹ rí i bóyá ẹ kò ní gbọ̀n.

Ọ̀nà orin mẹ́ta nìyẹn, ìgbà òtútù kan ṣoṣo. Ẹni tó sún mọ́ òtútù jù ló sọ ọ̀rọ̀ tó kéré jù; ẹni tó jìnnà sí i jù ló fi ṣeré jù.

Wàyí o, àwa ńkọ́? Ọyẹ́ tiwa láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń wá, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ Bodélé ní Chad fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, wọn á wá òrí síra, ọkọ̀ òfurufú á máa dúró de ojú ọ̀run ní pápákọ̀ Ìkẹjà yìí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣu ti wà ní àká ló ń dé, ìgbà tí ọdẹ ń dáná sun ìgbẹ́, tí ọmọ ẹ̀yìn odi ń bọ̀ wálé, tí wọ́n ń gbé ìyàwó. Nínú gbogbo àpàlà Haruna Ishola àti sákárà Yusuf Olatunji tí mo ti jókòó gbọ́, n kò rí ibi tí ọyẹ́ ti di ẹkún. Òjò, òru àti ọ̀nà àjò ni ìbànújẹ́ wa máa ń gbà wọlé sínú orin. Bí òtútù tó ń pa ni lẹ́kún yóò bá wà nínú orin wa, ìgbà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi ni yóò jẹ́.

A sì wọ̀ ọ́. Láti àwọn ọdún 1920 ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ti kọ orin ìyìn lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ogun àgbáyé kejì ni Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1919, bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dé Ìlú Ọba. Òun àti Brewster Hughes dá West African Rhythm Brothers sílẹ̀. Ọjọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù, ní oṣù Karùn-ún 1945, wọ́n gbé ìlù àti gìtá jáde sí Piccadilly, àwọn èrò sì ń jó tẹ̀lé wọn. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Melodisc gba orin wọn sílẹ̀.

Ẹ rántí bí Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà ṣe rí. Yàrá kan lórí òkè, lánlọ́ọ̀dù tó kọ ìwé mọ́ ojú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, àti ẹ̀rọ gáàsì tó ń jẹ ṣílè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ṣílè bá tán, iná á kú. Ẹni tó ń kàwé á wọ kóòtù lórí ibùsùn. Mo wá lọ gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Campbell, mo ń retí Cold Weather Blues lédè Yorùbá. N kò bá a. Àṣíkò ni mo bá, gìtá ẹlẹ́mu, agogo, ohùn tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tí òtútù mú jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa ni kò dárúkọ rẹ̀. Ìró Èkó ni wọ́n ń dá, kí yàrá náà lè móoru.

Fẹlá dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kàwé ní Trinity College of Music, ó sì padà sílé ní 1963. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1973, ó gbé Gentleman jáde. Ojú orin òṣèlú ni gbogbo ènìyàn fi ń wò ó, mo gbà. Lójú tèmi, orin ojú ọjọ́ tó lágbára jù tí ọmọ Yorùbá ti kọ nìyẹn. Ó ka aṣọ òtútù ọkùnrin náà lẹ́yọ lẹ́yọ, láti ìbọ̀sẹ̀ dé fìlà, ó gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́ nínú oòrùn, òógùn sì bò ó. Muddy Waters kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, òun nìkan ló sì ń sọ ọ́. Ti Fẹlá lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ìlù Tony Allen kò sinmi, àwọn agberin sì ń dáhùn, kí a lè mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló ń fi ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́bi wà níbí: ẹni tó ru òtútù ẹlòmíràn wọ ilẹ̀ ooru.

Ibi tí Ìkẹjà ti wọ̀ ọ́ nìyí. Lọ́dún 1962 ni Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ níbí, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àti rọ́bà náà sì wà lágbègbè yìí nígbà náà. Àwọn ọmọ Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Agége, Ògbà àti Ìfàkọ̀ bí àwọn ará Mississippi ṣe ya wọ Ṣikágò. Ooru ẹ̀rọ ló pàdé wọn. Ní Ṣikágò, ooru ni olówó ń rà. Níbí, òtútù ni. Gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yìí tutù, mo rí màmá kan tó ti fi ìborùn bo èjìká. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń bú lẹ́yìnkùlé, a kàn ń díbọ́n pé a kò gbọ́ ni. Kóòtù tí Fẹlá fi ṣe yẹ̀yẹ́ jẹ́ aṣọ ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ tutù. Kò yà mí lẹ́nu pé Ìkẹjà yìí náà ló wá fìdí kalẹ̀ sí, tí Shrine, ilé orin rẹ̀, fi wà ní Pepple nígbà ayé rẹ̀, tí ilé rẹ̀ ní Gbemisola fi di mùsíọ́mù lónìí.

Ẹni tó so okùn méjèèjì, ti blues àti ti Èkó, pọ̀ ni Keziah Jones, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1968, tí wọ́n rán lọ sí Ìlú Ọba lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ojú títì Lọ́ńdọ̀nù àti ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Paris ló ti ń ta gìtá kí àwo rẹ̀ Blufunk Is a Fact tó jáde ní 1992. Ó ń lu gìtá bí ẹni ń lu ìlù ni. Àwo tó ṣe ní 1999, Liquid Sunshine ló pè é, oòrùn ló fi pe orúkọ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn láti ṣèwádìí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Nínú ilé yín, ní GRA yìí àti ní Agége, àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú páálí tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ yín fi ohùn ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Ṣikágò nígbà tí owó fóònù wọ́n. Àwọn mìíràn kọrin sínú rẹ̀. Bí blues òtútù bá wà lédè Yorùbá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibẹ̀ ló wà, kì í ṣe nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà lọ́jà. Ẹ má jù wọ́n sórí ààtàn. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ àtijọ́ gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jẹ okùn wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí wọn wò. Ẹ kọ ọdún àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sára páálí rẹ̀, ẹ fi wọ́n sí ibi gbígbẹ tó tutù, kí ẹ sì mú wọn lọ bá àwọn olùkọ́ orin ní yunifásítì Èkó tàbí ti Ifẹ̀ kí ẹni tó lè sọ bí ó ti rí tó kú tán.